Ẹ Jẹ́ Ká Rán Báàgì Torí Pé Ó Dùn Mọ́ Wa Nínú

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo máa ń ka ìwé ìròyìn yín dáadáa, pàápàá ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ obìnrin tó ń rán nǹkan nínú ilé ẹ̀, èló ló ń rí níbẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi í, lẹ́yìn náà ìgbà wo ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló tiẹ̀ ń dùn mọ́ ọn nínú iṣẹ́ yẹn, kí ló dé tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí àwọn ọmọ ti sùn, ìdí máṣíìnì ló ń lọ dípò kó lọ sinmi. Ó ń dùn mí, mo sì gbà pé ó yẹ ká sọ ọ́.

Èmi kì í ṣe télọ̀ o. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, ìṣirò owó oníṣòwò ni mò ń kọ látàárọ̀ dalẹ́, Ọbáńtokò ní Abẹ́òkúta níbí ni mò ń gbé. Máṣíìnì ọlọ́wọ́ kan ló wà nílé wa, mo rà á ní tòkunbọ̀ lọ́wọ́ alátùnṣe kan, torí kí n lè máa fi rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ tó bá ya ni mo ṣe rà á. Ìgbà tó yá ni mo rí àgékù àdìrẹ tí télọ̀ mi dá padà fún mi lẹ́yìn tó gé bùbá tán, mo ní kí n fi rán báàgì tí màá máa gbé Bíbélì sí, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀, n ò sì tíì dúró. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ̀ pé ohun kan wà nínú mi tó fẹ́ máa dá àrà. Nílé ìwé, wọn ò kà mí mọ́ àwọn tó mọ àwòrán yà rí, nọ́ńbà ni wọ́n mọ̀ mí mọ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀, torí ẹni tí ò bá ṣe é rí á rò pé ká ṣáà ti lẹ aṣọ méjì pọ̀ ni. Àní báàgì tó rọrùn jù, èrò tó wà nínú ẹ̀ pọ̀. Tó bá jẹ́ àdìrẹ ló wà lọ́wọ́ ẹ, ibo lo fẹ́ kí ojú ọnà ńlá yẹn bọ́ sí, ṣé àárín gangan ni àbí kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Tó o bá gé e láìrò ó, ibi tó rẹwà jù lára aṣọ lè lọ bọ́ sí ìdí báàgì níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní rí i. Inú ẹ̀ ńkọ́, aṣọ wo ló máa bá a lọ? Èmi fẹ́ràn kí ìta jẹ́ aró dúdú, kí inú wá jẹ́ ànkárá aláwọ̀ ọsàn tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kó jẹ́ pé ẹni tó ni báàgì nìkan ló ń rí i nígbàkigbà tó bá ṣí i. Gum stay tó o máa áyọ́ọ̀nù mọ́ ẹ̀yìn aṣọ kó lè lágbára, ṣé èyí tó le ni kó lè dúró gbagidi àbí èyí tó rọ̀ kó lè máa tẹ̀ lé ara? Okùn èjìká, mo máa ń wọ̀n ọ́n mọ́ra mi níwájú dígí, torí ẹni tó ń wọ Micra lọ Kútọ̀ láàárọ̀ fẹ́ kí báàgì òun wà lábẹ́ apá, kì í ṣe kó máa jù fìrìfìrì.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni igun. Tó o bá ti rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ìsàlẹ̀ tán, báàgì yẹn ṣì tẹ́ pẹlẹbẹ ni. O wá máa mú igun kan, o ya á kí ojú rírán ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ìsàlẹ̀ lè dórí ara wọn gbọn-ọn, á yọ ṣóńṣó, o fi rúlà àti ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gba ibẹ̀, bí ìlà yẹn bá ṣe gùn tó ni ìdí báàgì ẹ ṣe máa fẹ̀ tó, o rán an, o gé ṣóńṣó yẹn dànù, o ṣe ìkejì bákan náà. Báàgì tí ò lè dá dúró tẹ́lẹ̀ á wá nídìí, á jókòó sórí tábìlì fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà lo máa ki láíníìnì, ìyẹn aṣọ inú tó o ti rán bákan náà, bọnú ìta, ojú dáadáa kojú dáadáa, o rán ẹnu wọn yípo, ó ku ihò kékeré tó o dá sí ìdí láíníìnì, kò ju kí ọwọ́ kan wọlé, ibẹ̀ lo ti máa fa gbogbo ẹ̀ jáde. Á há, á lọ́, wàá máa rọra fà á bí ẹni tó ń gbẹ̀bí ewúrẹ́, àfi bó ṣe máa yọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí òkè á wá wà lókè. Látìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀, inú-síta lo ti ń rán an bọ̀, ìgbà yẹn gan-an lo máa kọ́kọ́ rí i bó ṣe rí. N ò tíì rí ohun tó ń dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe, mo máa ń pe ọkọ mi kó wá wò ó, oorun ì báà kùn ún.

Kò sì dúró lórí báàgì nìkan, ojú mi gan-an ti yàtọ̀. Tí mo bá dé ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú báyìí, n kì í lè kọjá wéré mọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, àárín àdìrẹ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e ni mo tó ń wò ó ní àwòfín. Àdìrẹ oníko tí wọ́n fi ìko di níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rì í sínú aró, alábẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi kó aṣọ jọ, tí wọ́n á tún máa tú òwú yẹn kúrò pẹ̀lú sùúrù lẹ́yìn tí aró bá ti mú, ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń fi láfún ṣe. Láfún tí a ń rò jẹ nílùú yìí náà ni o, wọ́n á sè é mọ́ álọ́ọ̀mù, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya á sára aṣọ, tàbí kí wọ́n fi páànù tí wọ́n ti gé ọnà sí lára tẹ̀ ẹ́, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọbẹ̀. Ní ọdún 1935 tí wọ́n ṣe ayẹyẹ júbílì ọba òyìnbó, wọ́n ya òun àti ìyàwó ẹ̀ sára àdìrẹ, ọnà yẹn ò sì parẹ́ lẹ́yìn ayẹyẹ. Irú àwọn obìnrin tó ń ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ ò lè sọ fún mi pé owó nìkan ló wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n ń fi ìyẹ́ fa ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ fi àdìrẹ rán báàgì, kó fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, kó wá mú àkísà funfun tó tutù kó fi nù ún. Tí àkísà bá ṣì ń mú aró, kó tún un fọ̀, torí báàgì máa ń fara ra aṣọ, ẹ má lọ fi ba léèsì olóore jẹ́ lọ́jọ́ Sunday. Kó sì yí ẹ̀yìn aṣọ wò kó tó rà á. Èyí tí wọ́n kàn fi ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọ́n ń kó wọ̀lú, àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ kì í sábà mú tó ti iwájú, èyí tí wọ́n rì sínú aró níbí, aró á dé tẹ̀yìn tiwájú. Sòkòtò jíńsì bọ́síkọ̀nà náà dáa gan-an fún ìdí báàgì, àmọ́ abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 tẹ́ ẹ fi ń rán ànkárá lè kán, 16 tàbí 18 ni kẹ́ ẹ lò. Máṣíìnì ọlọ́wọ́ sì tó o jàre, tí ìdí okùn bá ti nípọn, ẹ rọra máa fọwọ́ yí i, kò sí pé ẹ ń dúró de iná NEPA.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ta ló ń wá ìdùnnú nígbà tí gáàrì wọ́n. Òótọ́ ni, iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, n ò sì bá ẹni tó ń rán báàgì jẹun jà, Ọlọ́run á bù sí i fún wọn. Èmi náà ti ta díẹ̀ nígbà táwọn èèyàn yarí pé àwọn á gbà á lọ́wọ́ mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká má fi ọ̀rọ̀ títà dá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ayọ̀ nínú nǹkan lọ́wọ́ kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Àṣẹ́rò, ọwọ́ ẹ̀ dára ju tèmi lọ, báàgì ẹ̀, ẹ ò ní rí méjì tó jọra. Gbogbo wa la ń yìn ín, gbogbo wa la sì ń tì í pé kó sọ ọ́ di bísínẹ́ẹ̀sì. Wọ́n wá gbé báàgì tí wọ́n fẹ́ pín lóde ìsìnkú fún un, rẹpẹtẹ, aṣọ kan náà, ìwọ̀n kan náà, déètì olóògbé lára gbogbo ẹ̀. Ó ṣe é, wọ́n sanwó fún un, kò sí wàhálà níbẹ̀. Àmọ́ látìgbà yẹn kò jókòó ti máṣíìnì yẹn mọ́, ó da aṣọ bò ó, àwọn ọmọ ń to ìwé lé e lórí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá lọ kí i. Òmíì tún wà tó lọ yá lọ́ọ̀nù ra máṣíìnì ńlá torí wọ́n sọ fún un níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ pé láàárín oṣù mélòó kan owó ẹ̀ á ti padà, kò tíì mọ̀ bóyá òun fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn o, gbèsè ti ṣíwájú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìtàn ìlú yìí. Ní 1932 tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn obìnrin tó kàwé dá Abeokuta Ladies Club sílẹ̀, aṣọ rírán wà lára ohun tí wọ́n ń kóra jọ ṣe, pẹ̀lú oúnjẹ sísè àti iṣẹ́ àánú. Nígbà tó yá àwọn ìyá ọlọ́jà dara pọ̀, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ẹgbẹ́ yẹn di Abeokuta Women's Union ní 1946, àwọn ló sì ja ìjà owó orí obìnrin títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó lè fojú di ibi táwọn obìnrin ti jókòó pọ̀ tí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ń jáde, ẹni tí ò lè sọ ìṣòro ẹ̀ níbòmíì á sọ ọ́ níbẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó ń wò ó lójú, kálukú tẹjú mọ́ òwú ni.

Nítorí náà ẹ̀bẹ̀ mi pọ̀ díẹ̀. Àkọ́kọ́, sí àwọn télọ̀ wa, láti Lafẹ́nwá títí dé Àdátán, ẹ má jó àgékù aṣọ mọ́, ẹ má sì dà á sí gọ́tà, ẹ kó o sínú àpò kan, àwa tá a máa wá gbà á wà, a ó sì fún yín ní nǹkan táṣẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tẹ́ ẹ ní gbọ̀ngàn tó máa ń wà ní títì lọ́sàn-án Saturday, ẹ yọ̀ǹda ẹ̀ fún àwọn obìnrin àtọkùnrin tó bá fẹ́ wá ránṣọ pọ̀, kálukú á gbé máṣíìnì tiẹ̀ wá.

Ẹ̀yin olóòtú, ti yín ló ṣe pàtàkì sí mi jù. Ṣebí Abẹ́òkúta níbí ni ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ti jáde ní 1859. Ẹ fún wa ní igun kan péré nínú tiyín, kí òǹkàwé máa fi fọ́tò ohun tó fọwọ́ ẹ̀ rán nínú ilé ẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀n tó fi gé e, kẹ́ ẹ má kọ iye owó sí i. Tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ fi tèmi bẹ̀rẹ̀, báàgì Bíbélì yẹn náà ni. Aṣọ ìta méjì, íńṣì 14 ní fífẹ̀, 15 ní gígùn, láíníìnì méjì ìwọ̀n kan náà, aṣọ okùn méjì, íńṣì 4 ní fífẹ̀ àti 24 ní gígùn, ẹ ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin kó di íńṣì kan kẹ́ ẹ tó rán an. Ìdajì íńṣì ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yípo fún rírán, ìlà igun á jẹ́ íńṣì 3, kẹ́ ẹ sì rántí dá ihò sí ìdí láíníìnì.

Òǹkàwé yín,
Ọbáńtokò, Abẹ́òkúta.