Ohun tí àgbẹ̀ náà wí pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, ọ̀kan nínú yín nawọ́ sókè níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí Ọlọ́run ń rán àwọn ọmọ Ísírẹ́lì létí ṣáá pé wọ́n ti ṣẹrú rí? Ta ló máa fẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn kí òun?" Agogo ti lù kí n tó lanu. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà gùdù lọ́kàn mi, mo sì rí i pé ìdáhùn ìṣẹ́jú méjì kò lè tó o. Ẹ jókòó tì mí díẹ̀.

Ẹ ṣí Deuteronómì orí 26. Àgbẹ̀ kan kórè, ó kó àkọ́so oko rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó gbé e dé iwájú àlùfáà. Ibi tí ọkàn ẹlòmíràn á ti máa wú, tí á máa ka iye ebè tó kọ, ohun tí òfin ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni pé ará Síríà kan tí ó ń ṣègbé ni baba òun. Alárìnkiri tí kò nílẹ̀, tí ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa sójú ọ̀nà. Gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ oríkì ara rẹ̀ nìyẹn. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa jù, nítorí àwa náà mọ̀ pé akéwì tó mọṣẹ́ kì í fo àbùkù ìran ẹni bó bá ń ki ìran ẹni.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí padà lẹ́nu àgbẹ̀ yìí. "Baba mi" ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní baba náà sọ̀kalẹ̀ lọ sí Íjíbítì. Kò pẹ́, ó ti di pé wọ́n pọ́n "wa" lójú, "a" ké pe Olúwa, ó mú "wa" jáde. Ọkùnrin yìí kò dé Íjíbítì rí o. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ Kénáánì ni wọ́n bí baba baba rẹ̀ sí. Síbẹ̀, "wa" ni. Ní orí karùn-ún ìwé kan náà, Mósè sọ fún wọn pé kì í ṣe àwọn baba wọn ni Olúwa bá dá májẹ̀mú ní òkè Hórébù bí kò ṣe àwọn gan-an, gbogbo àwọn tó wà láàyè lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀, nínú àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ni wọn kò tíì bí nígbà tí wọ́n wà ní Hórébù, àwọn yòókù sì jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ló sọ wọ́n di ẹ̀yà kan. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "wa", tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pè, wà níbẹ̀.

Wọn kò sì fi ìrántí náà sílẹ̀ fún orí nìkan, torí orí a máa gbàgbé. Nígbà tí wọ́n la Jọ́dánì kọjá, Jóṣúà ní kí wọ́n gbé òkúta 12 láti àárín odò, wọ́n sì tò ó jọ sí Gílígálì. Kí ni wọ́n fẹ́ fi òkúta odò ṣe? Kí ọmọ lè béèrè pé, "Kí ni ìtumọ̀ òkúta wọ̀nyí?" ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìrékọjá, àjọ tí wọ́n fi ń rántí ìjáde wọn ní Íjíbítì, nínú Ẹ́kísódù orí 12: nígbà tí àwọn ọmọ yín bá bi yín pé kí ni ẹ ń fi ìsìn yìí pè, kí ẹ sọ fún wọn. Títí di òní, nílé àwọn Júù, ọmọ tó kéré jù nídìí tábìlì ló sábà máa ń béèrè lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí ló mú òru yìí yàtọ̀ sí òru gbogbo. Àkàrà tí kò ní ìwúkàrà wà níwájú rẹ̀. Ewé kíkorò wà níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Etí ọmọ á gbọ́ ìtàn, ahọ́n rẹ̀ náà á sì korò. Nítorí náà, ìwọ tó nawọ́ sókè yẹn, má ṣe rò pé o ṣàfojúdi. Àtọdúnmọ́dún ni wọ́n ti pèsè àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè rẹ.

Àmọ́ ìrántí a máa parọ́, ẹ sì kíyè sí èyí dáadáa. Nínú Nọ́ḿbà orí 11, ebi ẹran pa wọ́n ní aginjù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé àwọn rántí ẹja tí àwọn ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Íjíbítì, àwọn rántí kùkúńbà, bàrà, àlùbọ́sà àti aáyù. Lọ́fẹ̀ẹ́! Àwọn tí wọ́n ń nà lẹ́gba nídìí bíríkì, tí wọ́n ń jù ọmọkùnrin wọn sínú odò. Ikùn ló ń rántí lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọkàn. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé ayé àtijọ́ dára, ẹ bi í pé ta ni ó dára fún.

Ó tún ní bí ìrántí ṣe ń di idà. Ẹsẹ tó kángun sí ìtàn agbọ̀n yẹn gan-an, ní ìparí orí 25, ní kí wọ́n rántí ohun tí Ámálékì, ẹ̀yà tó kọlù wọ́n lójú ọ̀nà, ṣe sí wọn, kí wọ́n sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lábẹ́ ọ̀run. Mi ò ní fi í pamọ́ fún yín. Ẹ sì lọ ka Àwọn Onídàájọ́ orí 12. Àwọn ará Gílíádì, tí wọ́n ń bá àwọn ará Éfúráímù jagun, dúró sí ìwọdò Jọ́dánì, ẹni tó bá fẹ́ kọjá, wọ́n á ní kó pe "Ṣíbólẹ́ẹ̀tì". Bó bá pè é ní "Síbólẹ́ẹ̀tì", ará Éfúráímù ni, wọ́n á pa á síbẹ̀. Ìwé náà ní 42,000 ló kú. Ìran Jósẹ́fù ni àwọn tó ń pa, ìran Jósẹ́fù ni àwọn tí wọ́n ń pa. Ìyá mi, ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, "isu" ni wọ́n ń pe iṣu títí wọ́n fi wọ káà ilẹ̀. Mi ò lè ka orí yẹn kí n má gbọ́ ohùn wọn létí odò náà.

Kí wá ni ìrántí ẹrú wà fún? Ẹ́kísódù orí 23 sọ ọ́: ẹ má ṣe ni àlejò lára, nítorí ẹ mọ ọkàn àlejò, ẹ ti jẹ́ àlejò rí ní Íjíbítì. Deuteronómì orí 24 gbé e dé oko. Bí o bá gbàgbé ìtí ọkà kan, má padà lọ mú un, ti àlejò ni, ti aláìníbaba ni, ti opó ni. Rántí pé o ti ṣẹrú. Oko irú èyí ni Rúùtù wọ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, tó ń pèéṣẹ́ lẹ́yìn àwọn olùkórè Bóásì. Ọmọ Móábù ni, òfin sì wà pé ọmọ Móábù kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìjọ. Òun ló bí Óbédì, Óbédì bí Jésè, Jésè bí Dáfídì.

Ẹ jẹ́ kí n mú un súnmọ́lé. Bíbélì Yorùbá jáde lódindi ní 1884, Àjàyí Crowther ló ṣáájú nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ Òṣogùn ni. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú jà wọ ìlú wọn, Fúlàní wà nínú wọn, ọmọ Ọ̀yọ́ náà wà nínú wọn. Okùn ni wọ́n fi so wọ́n lọ́rùn pọ̀, òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé etíkun, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú omi ní 1822. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn yìí, kò sì fo pé àwa náà wà lára àwọn tó di okùn náà mú. Ẹrú àná wà lára àwọn tó fi Yorùbá sọ fún wa pé ká rántí pé a ti ṣẹrú rí.

Àgbẹ̀ yẹn, lẹ́yìn tó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, òfin ní kó yọ̀ nínú gbogbo ohun rere náà, òun àti ọmọ Léfì àti àlejò tó wà láàárín wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé alárìnkiri ni baba òun, ojú wo ni yóò fi lé àlejò dìde nídìí oúnjẹ?

Kí ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ tó pé, ẹ lọ jókòó ti àgbà kan nílé yín. Ẹ ní kó sọ ìtàn kan nípa ibi tí ìdílé yín ti wá, ẹ má sì jẹ́ kó fo apá tó bá fẹ́ fò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà á mú tèmi wá.

Bàbá yín