Ọmọ wa ò "padà di tíṣà", wákàtí ló ń kó jọ

Olóòtú wa, okun o, ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé yín níbí ní Ìsánlú, mi ò kọ lẹ́tà rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí látìgbà Kérésì. Ẹ máa ń gbé fọ́tò àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì páílọ́ọ̀tì jáde, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ilà wúrà léjìká, inú wa á dùn, ìyá ọmọ á se ìrẹsì, ẹ ò wá ní sọ ohun tó kàn lẹ́yìn ìrẹsì fún wa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni tiwa. A ta oko kajú méjì kó tó parí, ó gba láísẹ́ǹsì, wákàtí tó sì ti fò ò ju 200 ó lé díẹ̀ lọ. Jẹ́ẹ̀tì àwọn olówó Àbújá lojú wa wà lára ẹ̀, torí ará àdúgbò wa kan mọ ẹnì kan tó mọ olówó kan, ẹ̀yin náà ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é. A lọ. Olówó náà gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ní kò sí wàhálà, kí ọ̀gá páílọ́ọ̀tì òun ṣáà yẹ ìwé ọmọ náà wò. Ọ̀gá ṣí lọ́gíbúùkù, ìyẹn ìwé tí páílọ́ọ̀tì ń kọ gbogbo wákàtí tó bá fò sí, kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi pa á dé. Ó ní ọmọ dáadáa ni, àmọ́ àwọn ínṣọ́ránsì ò ní gbà.

Àṣé bó ṣe rí nìyẹn! Láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ gbowó, 200 wákàtí ni, tàbí 150 tó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ló ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tó ga jù, tí wọ́n fi ń jẹ ọ̀gá nínú bàálù ńlá, 1,500 ni. Ẹni tó bá sì ra jẹ́ẹ̀tì tó ń kó ìyàwó àtọmọ ẹ̀ sínú ẹ̀ ò ní fẹ́ kó jẹ́ orí tiwọn lọmọ wa á ti kọ́ṣẹ́, ínṣọ́ránsì ẹ̀ pàápàá á bi í léèrè pé wákàtí mélòó lápapọ̀, mélòó nínú jẹ́ẹ̀tì, mélòó nínú irú jẹ́ẹ̀tì yìí gan-an. Jẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ló tún ní ìwé tiẹ̀, ẹni tó gba ti Hawker ò lè torí ẹ̀ jókòó sídìí Gulfstream. Owó ni gbogbo ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tá a délé, ẹnì kan pè mí, ó ní òun lè bá wa wá ibi tí wọ́n á ti kọ 500 wákàtí sínú lọ́gíbúùkù ọmọ náà, ká ṣáà san nǹkan kékeré. Èmi tí mo fi ọdún 31 na àwọn ọmọ torí pé wọ́n jí ìdánwò wò, mo ti ń ka owó. Ọmọ yẹn ló kọ̀. Ó ní, "Dádì, wákàtí bíírò nìyẹn. Bàálù náà ní ìwé tiẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ gbogbo ìgbà tó bá fò, wọ́n á gbé méjèèjì síra wọn. Tí wọn ò bá tiẹ̀ rí i, ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ lókè ńkọ́?" Ojú tì mí gidi.

Ohun tó wá ṣe ni pé ó padà lọ gba ìwé olùkọ́ (owó tún ni o, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kàbà ló yá wa), ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun báyìí. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fò, wákàtí yẹn wọlé fún òun náà, wọ́n sì tún ń sanwó fún un. Lẹ́yìn èyí ó fẹ́ wá ibi tí wọ́n ti ń fò Caravan, bàálù kékeré kan, torí ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì tó bá ti jẹ́ẹ̀tì tan lèyí ní, wákàtí ẹ̀ máa ń níyì lójú àwọn oníjẹ́ẹ̀tì. Àìmọye èèyàn ló gba ọ̀nà yìí dé ìdí jẹ́ẹ̀tì.

Òun làwọn ará ilé tó wá ṣe Kérésì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. "Ẹ rán ọmọ lọ kọ́ páílọ́ọ̀tì, ó padà di tíṣà." Wọ́n sọ ọ́ níṣojú mi, èmi tí mo jẹ́ tíṣà fẹ̀yìntì! Ta ni nínú wọn ló gbin kajú lónìí tó ń retí pé kó so lọ́la? Ẹ wò ó, tèèyàn bá ń fò wákàtí 15 lọ́sẹ̀ láìsinmi, kó tó ti 200 dé 1,500 á lé ní ọ̀sẹ̀ 80, ẹ ò sì tíì ka òjò, ẹ ò tíì ka ọyẹ́, ẹ ò tíì ka ọjọ́ tí bàálù bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín ni, Olóòtú. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá tún gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ bi ọmọ náà pé wákàtí mélòó ló ní, ibo ló ti máa rí ìyókù, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò, káwọn òbí tó fẹ́ ta oko lè mọ̀ pé owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́, kí wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù.

Tiwa pè mí lálẹ́ Fráídè. Ó ní ọyẹ́ bo ojú ọ̀run látọjọ́ Mọ́ńdè, wákàtí méjì péré ló wọlé lọ́sẹ̀ náà. Ó ti di 712.

Èmi ni,
Tíṣà fẹ̀yìntì, Ìsánlú, Ìlà Oòrùn Yàgbà.