Orúkọ ta ló wà lórí etíkun?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka èyí tí ẹ kọ nípa bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ ẹran òkun oníkarahun di òwò ńlá ní etíkun Kẹ́ńyà àti Tànsáníà. Ó dùn mọ́ mi, àfi pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó tó fẹ́ wá dókòwò ló gba gbogbo ojú ìwé. Àwọn obìnrin tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà kò rí ju ìlà kan lọ.

Ní erékùṣù Unguja, ní Zanzibar, obìnrin ló ń ṣà á. Bí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó di àrànmọ́jú, tí òkun sì fà sẹ́yìn jìnnà, wọn á sọ̀ kalẹ̀ tàwọn ti garawa, wọn á máa wa ẹrẹ̀ títí omi á fi padà dé. Ní Fumba àti Bweleo, àwọn kan tiẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ ààbọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ inú ìkarahun chaza (ẹran oníkarahun tí òyìnbó ń pè ní oyster) láàyè, kó lè fi péálì bò ó. Ó ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó ṣí i.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ koríko òkun. Lọ́dún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín ní Paje àti Jambiani, ní Unguja kan náà. Obìnrin ló pọ̀ jù nídìí rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń rà á ló ń dá iye lé e, torí gbígbẹ lásán ni wọ́n ń kó o lọ sókè òkun. Nígbà tí omi wá gbóná, tí cottonii, irú koríko òkun tó lówó lórí jù, ń kú, ọrùn ta ni àdánù náà wọ̀?

Ẹ wá wo ti Gambia. Lọ́dún 2012, ìjọba ibẹ̀ fún TRY, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ní ẹ̀tọ́ láti dá lo ibi tí wọ́n ti ń ṣà chaza tiwọn ní irà Tanbi. Àwọn náà gbà láti máa fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àsìkò kan lọ́dún. Ta ni yóò fi ọmọ chaza sílẹ̀ kó dàgbà, tó bá mọ̀ pé ẹlòmíràn ló máa kó o lọ́la?

(Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé Yúróòpù lẹ máa tà á fún, omi ńkọ́? Chaza ń sẹ́ omi òkun jẹun ni. Ìdọ̀tí ṣáláńgá tó bá ṣàn wọlé, inú rẹ̀ ló ń dúró sí. Yúróòpù kì í gbà á níbi tí wọn kì í ti yẹ omi wò déédéé.)

Bí ẹ bá tún máa kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi àwọn aláṣẹ ibẹ̀ pé ìwé àṣẹ etíkun Fumba, orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀?

Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta