Ṣadé mi, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti WhatsApp

Killeen, Texas
Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹ ti kan páànù ilé yín ní Ológunẹ̀rú. Ẹ kú oríire o, ẹ̀mí yín á lò ó.

Ìdí tí mo fi jókòó ti bébà àti bíírò ni pé Bùkọ́lá ń ka fóònù rẹ ju bí ìwọ fúnra rẹ ṣe ń kà á lọ. Bí Bùkọ́lá bá sì ti gbọ́, gbogbo Òkè-Àdó ti gbọ́ nìyẹn.

Ṣọ́jà ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Má pariwo. Dàmọ́lá yẹn náà ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí o ní ó jọ tíṣà Ìṣirò wa. Lọ́tìrì ló bá dé Amẹ́ríkà nígbà tí wọn ò tí ì yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀. Gíríìn káàdì ló fi wọṣẹ́ ológun, iṣẹ́ náà ló sì sọ ọ́ di ọmọ onílùú. Fort Hood ló wà. Wọ́n yí orúkọ ibẹ̀ sí Fort Cavazos lọ́dún 2023, wọ́n tún ti dá a padà lọ́dún yìí. Bárékè lásán ń gba orúkọ tuntun ní ìgbà tó bá wù ú, èmi tí mo jẹ́ ènìyàn kò rí pépà kan ṣoṣo gbà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu wọn ò sinmi. Àwọn kan ní pépà ni mò ń fẹ́, kì í ṣe ọkùnrin. Àwọn kan ní owó ilé tí ìjọba ń fi kún ti ṣọ́jà tó bá níyàwó lòun náà ń wá. Ìyá kan tiẹ̀ bi mí ní iye tí mo san fún un. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi já, torí ojú yẹn gan-an ni ìjọba yóò fi wò wá. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5 àti owó ìtanràn tó lè tó 250,000 dọ́là ló wà fún ìgbéyàwó ẹ̀tàn. Ẹni tí ẹ̀sùn yẹn bá sì ti lẹ̀ mọ́ lára, bó fẹ́ ọba lẹ́yìn náà, wọn ò ní fọwọ́ sí i. Ní ìntáfíù, wọ́n lè bi wá ní apá ibi tí kálukú ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Dàmọ́lá ń hanrun, màá fìyẹn kún ẹ̀rí. Má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, Ṣadé. Tí mo bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ó máa ń wá dúró níta pẹ̀lú ọbẹ̀ gbígbóná kí ó tó lọ fún eré òwúrọ̀ wọn. Ká ní mo ní pépà ni, ǹ bá ti dá a lóhùn tipẹ́. Pépà yìí ni kò jẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀ ni láì kọ́kọ́ bi ara mi léèrè.

A lọ bá lọ́yà kan ní Austin. Kò bi mí nípa ọdún tí físà mi ti kú, bí mo ṣe wọlé ló kọ́kọ́ bi mí. Mo ní ọkọ̀ òfuurufú ni, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí páàsìpọ́ọ̀tù mi ní Houston. Ó ní ìyẹn dára: ẹni tí wọ́n bá yẹ̀ wò tí wọ́n sì gbà wọlé, bí físà rẹ̀ tiẹ̀ ti kú, tó bá fẹ́ ọmọ onílùú, ó lè gba gíríìn káàdì láì jáde kúrò níbí. Ìyàwó ọ̀rẹ́ Dàmọ́lá, ọmọ Guatemala, odò ló là kọjá ní tirẹ̀. Irú rẹ̀ ni ètò tí wọ́n ń pè ní parole in place, tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìyàwó, òbí àti ọmọ àwọn ológun ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2013, wà fún. Àyè láti dúró níbí fún ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún un, kí ó lè ṣe ìwé rẹ̀ láì jáde. Tó bá jáde ṣe é, ọdún 10 ni wọ́n lè fi tì í mọ́ta. Ṣùgbọ́n láti Oṣù Kejì ni USCIS, àjọ ìjọba tó ń ṣètò pépà wa níbí, ti kéde pé àwọn ò ní yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́: ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fọ́ọ̀mù rẹ̀, tí kò sì ní pépà, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́. Obìnrin náà kì í sùn mọ́.

Ọdún 10 yẹn kan èmi náà, ìdí tí n kò fi ní wá ṣílé pẹ̀lú yín ní Kérésì nìyẹn. Bá mi ra aṣọ ẹbí tèmi. Níbí ni màá ti wọ̀ ọ́ ya fọ́tò.

Rẹ̀mí bí ọkùnrin. Orúnkún mi ti sàn. Owó ilé tún ti gbẹ́nu sókè.

Wàyí o, Tọ́pẹ́ ọmọ mi. Ọjọ́ 3, Oṣù Kejìlá ni yóò pé ọdún 18. Òfin wọn ni pé kí Dàmọ́lá tó lè béèrè gíríìn káàdì fún un gẹ́gẹ́ bí ọmọ, a ti gbọ́dọ̀ ṣègbéyàwó kí ó tó pé 18. Bí ọjọ́ yẹn bá bá wa láì tí ì ṣègbéyàwó, ó ti bọ́ nìyẹn, àfi kó máa dúró de èmi, ìgbà tí èmi náà bá tó rí tèmi gbà.

N kò sì lè fẹ́ Dàmọ́lá láì fi ìwé hàn pé èmi àti Bàbá Tọ́pẹ́ ti tú ká. Ìdáná nìkan la ṣe, a ò dé kóòtù fún ìgbéyàwó, kóòtù ìbílẹ̀ Mápó ló sì tú wa ká. Ẹ̀dà ìdájọ́ tèmi wà nínú àpótí aláwọ̀ ewé, o sì mọ bí ọ̀rọ̀ àpótí yẹn ṣe parí. Jọ̀ọ́, bá mi dé Mápó. Ẹ̀dà tí akọ̀wé kóòtù fọwọ́ sí, tó lu òǹtẹ̀, ni mo ń fẹ́. Orúkọ mi àtijọ́ ni kí o sọ, ti ìgbà Ìyá Oníràísì. Owó rẹ̀ ti wà nínú àkáǹtì rẹ, má bá mi jiyàn. Ọmọ Alhaja tó mú lẹ́tà yìí wá ń padà ní ìparí oṣù, òun ni kí o fún. Kọ́kọ́ ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, kí o sì pa fọ́tò náà rẹ́ nínú fóònù rẹ lójú ẹsẹ̀.

Má tí ì sọ fún ìyá mi. Tọ́pẹ́ náà kò mọ̀, nítorí náà má rán an níṣẹ́ kankan tó bá kan Mápó. Tí o bá ṣèèṣì bá Bàbá Tọ́pẹ́ pàdé lọ́nà ibẹ̀, tó sì béèrè mi, sọ fún un pé mo ti sanra.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́