Ìpàdé Sátidé: Wang Xiangzhai àti ẹ̀kọ́ ìdúró

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, ní pápá tí a ti ń ṣeré, a ó sọ̀rọ̀ lórí Wang Xiangzhai, ọ̀gá kung fu àti qigong (ìdárayá mímí àti ìfarabalẹ̀) ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Hebei ní 1885. Àìlera ìgbà èwe ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Guo Yunshen, ọ̀gá ìjà tó kọ́ ọ. Wang ló dá Yiquan, ọ̀nà ìjà kan tó dá lórí ìdúró, sílẹ̀. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ pa eré ìjà àkọ́sórí tì, kó kọ́ bí a ṣe ń dúró ná. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó kú ní 1963.

Àwa náà á dúró: ẹsẹ̀ yà dé ìwọ̀n èjìká, orúnkún rọ̀ díẹ̀, apá ká síwájú àyà bí ẹni gbá igi mọ́ra. Lójú, ó rọrùn. Kò ní pẹ́ tí itan á fi máa gbọ̀n.

Ẹ wọ aṣọ tó fẹ̀, ẹ mú omi dání. Kí ẹni tí orúnkún ń dùn tètè sọ fún mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀ bóyá ẹ ń bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́