Súìtì ò lè bá èèyàn ha ahọ́n

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọyẹ́.

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́jọ́sí pé súìtì olóògùn tí ò ní ṣúgà ló gba òun lọ́wọ́ ẹnu rírùn, mi ò ní pé irọ́ ló ń pa, ṣùgbọ́n èmi náà ti jẹ ẹ́ o, páàlì páàlì ni mo ń jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Kubwa níbí. Tí télọ̀ bá ń wọn èjìká kọ́sítọ́mà, ẹnu ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ onítọ̀hún létí. Hájíà kan wá nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, bí mo ṣe na téèpù sí wọn lọ́rùn tí mò ń bi wọ́n bóyá kí ọwọ́ aṣọ gùn, wọ́n rọra fi máyáfì bo imú, wọ́n ní eruku pọ̀. Eruku wo? Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni!

Bí mo ṣe di ẹlẹ́súìtì nìyẹn. Ẹnu á tutù fún ìgbà díẹ̀, òórùn á tún dé, èmi náà á tún ju òmíì sẹ́nu, títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn tí mo ń sáré láti ìdí máṣíìnì lọ sílé ìyàgbẹ́, àṣé sorbitol tí wọ́n fi rọ́pò ṣúgà nínú ẹ̀, téèyàn bá jẹ ẹ́ jù, ìgbẹ́ gbuuru ni.

Ọmọ mi ló wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín, ọmọdébìnrin báyìí. Mo rò pé á ní inú mi ló ń rùn, torí ohun tí gbogbo èèyàn ń wí nìyẹn. Ó ní rárá o mọ́mì, inú ẹnu gan-an lèyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ó fi nǹkan pẹlẹbẹ kan ha ẹ̀yìn ahọ́n mi lọ́hùn-ún, ó gbé e sí mi lójú, nǹkan funfun bí ẹ̀kọ tó dì. Ojú tì mí! Ó ní kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń gbé ibẹ̀, gáàsì tí wọ́n ń tú jáde ló ń rùn bí ẹyin ọ̀bu, itọ́ ló sì ń ṣàn wọ́n dànù, tí ẹnu bá ti gbẹ wọ́n ti ríbi jókòó. Ó wá bi mí pé báwo ni mo ṣe ń mu omi níbi iṣẹ́. Èmi tí mo lè wà nídìí máṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́, píìnì lẹ́nu!

Wọ́n bá mi ha ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ ìdí eyín ìsàlẹ̀ bí sìmẹ́ńtì, erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ náà sì dákẹ́. Ní báyìí etí ṣíbí ni mo fi ń ha ahọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, omi ò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pàápàá nínú ọyẹ́ Àbújá yìí.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ ju súìtì yẹn nù o. Ó ń pe itọ́ wá sẹ́nu, èyí tó bá ní xylitol, adùn mìíì tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, kì í jẹ́ kí kòkòrò rí nǹkan fi ba eyín jẹ́ bíi ti oníṣúgà, èmi gan-an ṣì ń lá ẹyọ kan kí kọ́sítọ́mà tó wọlé. (Ẹ má fún ajá yín jẹ o, xylitol yẹn ń pa ajá.)

Hájíà yẹn ti padà wá. Wọn ò bo imú, àmọ́ wọ́n ní èjìká aṣọ tọ̀hún fún àwọn, mo mọ̀ pé ìtìjú ò jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n dáadáa.

Èmi ni tiyín,
Ìyá télọ̀, Kubwa, Àbújá.