Àkànní, Má Sọ Ilé Rẹ Di Ibùsùn Lásán

Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwa níbí ń dúpẹ́. Òjò ń rọ̀ dáadáa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé ti so, àbúrò rẹ náà ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi jókòó ti bébà lónìí. Nígbà tí mo wá kí ọ ní Ìkòròdú lóṣù tó kọjá, mo bi ọ́ pé kí ló dé tí aṣọ fi wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta títí ó fi ń rùn. O ní, "Màámi, mo kàn ń sùn síbí ni." O sọ ọ́ wẹ́rẹ́, o sì jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ ọkọ̀, ó bá mi dé Ifẹ̀, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń tán ènìyàn lókun, mo sì rí i pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ lu kí o tó wọlé. N kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ń sùn síbì kan, àlejò ni níbẹ̀, èmi kò sì fẹ́ kí o máa ṣe àlejò nínú ilé tí o fi òógùn ojú rẹ san owó rẹ̀.

Ìgbálẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ mú. Ọwọ̀ tí mo kó wá fún ọ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí mo ṣe dì í náà ló wà. Tí o bá jí, wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra, kí o gbá a láti kọ̀rọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. Má gbá ìdọ̀tí pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Yàrá rẹ kò tóbi, kò ní gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo mú ọ lọ sí Ìta Yemòó, nígbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a lọ wo ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi àpáàdì tẹ́? O bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o fẹ́ hú ọ̀kan, mo gbá ọ lọ́wọ́. Àpáàdì yẹn, wọn kò kàn dà á sílẹ̀. Wọ́n tò ó ní òòró, ọ̀kan ti ọ̀kan, bí egungun ẹ̀yìn ẹja. Níbòmíràn wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun sáàárín rẹ̀. Ìtàn ìlú wa sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọ̀ọ̀ni, ló ní kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Ohun tó máa ń wú mi lórí ni pé ìkòkò fífọ́ ni. Ìkòkò ọbẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan, inú rẹ̀ bàjẹ́, àmọ́ wọ́n ṣa àfọ́kù rẹ̀ jọ, wọ́n sọ ọ́ di àgbàlá tí ojú ń wò títí dòní. Ó dá mi lójú pé ẹni tó fara balẹ̀ tẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa gbá a láràárọ̀.

Ní ti aṣọ, bàbá rẹ ni kí o wò. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Títí ó fi lọ, kò jẹ́ kí n bá òun fọ ṣòkòtò rí. Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó yọ, ó ti fa omi kàǹga kún bàsíà méjì. Funfun lọ́tọ̀, àdìrẹ lọ́tọ̀, nítorí aró a máa jáde. Yóò ṣan aṣọ títí omi yóò fi mọ́ lójú rẹ̀, yóò yí inú àdìrẹ síta, yóò sá a sí ibòji kí oòrùn má baà pa àwọ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò a máa wò ó, òun kò wo ẹ̀yìn. Tó bá di alẹ́, yóò finá sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, yóò tan rédíò, ìwọ yóò sì jókòó tì í lórí àpótí, o ń na kọ́là aṣọ fún un. Òórùn aṣọ gbígbóná yẹn a gba gbogbo pálọ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé nínú gbogbo ọ̀sẹ̀, wákàtí yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í pàṣẹ fún òun. Ọjọ́ tó sọ ọ́ ni mo tó mọ ìdí tí kì í fi í jẹ́ kí n gbà á ṣe. Ìwọ náà tí ọ̀gá ń pàṣẹ fún láti àárọ̀ dalẹ́, wá irú wákàtí bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ.

Oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà láàárọ̀, oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà lálẹ́, ó ń dùn mí. Má dáwọ́ lé iyán, odó kò sí lọ́dọ̀ rẹ. Àkàrà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Rẹ ẹ̀wà, bó èèpo rẹ̀ kó mọ́ tónítóní, fi ata àti àlùbọ́sà lọ̀ ọ́, kí omi rẹ̀ má pọ̀. Lẹ́yìn náà, pò ó, pò ó, títí yóò fi wú tí yóò sì fúyẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú, tí àkàrà wọn fi ń le bí òkúta. Ìgbà tí epo bá gbóná tán ni kí o tó fi iyọ̀ sí ẹ̀wà lílọ̀ náà, kí o wá dín in. Po ògì, jókòó jẹ ẹ́ ní gbígbóná, kí o sì bu fún ará yàrá kejì tó ràn mí lẹ́rù lọ́jọ́ tí mo dé.

Tí gáàsì bá tán tí o fẹ́ lo èédú, ìta gbangba ni kí o ti dá a o. Má gbé e wọ yàrá nítorí òjò tàbí òtútù, má sì tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára wọn kò ní òórùn, ojú kò rí i, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lálẹ́ àná òjò ń lu páànù, àbúrò rẹ sun àgbàdo, èmi fọ́ àgbọn, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsọ̀rọ̀ títí òjò fi dá. Mo wo àpótí rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ní ó yẹ kí n kọ̀wé sí ọ.

Mo ti di gàrí, èlùbọ́ àti epo pupa sínú àpò, awakọ̀ yóò pè ọ́ tó bá dé. Má jẹ́ kí gàrí náà sun inú àpò mọ́jú. Eku wà nínú ilé yẹn, mo gbọ́ ìró wọn lókè àjà. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń kó ibà Lassa wọ oúnjẹ, ibà tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní Borno pè láti ọdún 1969. Ike olómorí aláwọ̀ búlúù tí mo rà fún ọ wà lábẹ́ tábìlì. Fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ dáadáa, da gàrí sí i, kí o sì dé e pinpin.

Èmi ni ìyá rẹ.